Ọmọ Ayò Méjìdínláàádọ́ta Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ́wọ́, etí nìkan ni kó yá mi, kó gbójú sọ́nà. Ẹni tó bá wà nílé ní tirẹ̀, kó wá bébà kan àti pẹ́ńsùlù, mo ní ohun tí mo fẹ́ kó yà.

Ẹ ya òdo mẹ́fà sórí ìlà kan. Ẹ ya mẹ́fà mìíràn sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá kọ 4 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó parí. Ẹ fi han ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí yín, ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Bó bá ti rí ọpọ́n ayò rí, yóò ní ọpọ́n ayò ni, bẹ́ẹ̀ kò sí igi níbẹ̀, kò sí ọmọ ayò níbẹ̀. Nọ́ńbà méjìlá péré ni. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ nípa ayò náà nìyẹn. Bí a ó ṣe sọ nọ́ńbà méjìlá yẹn di eré tí ènìyàn méjì lè jókòó tì, tí wọ́n á máa bú ara wọn lórí rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe lábẹ́ igi, ni ọ̀rọ̀ alẹ́ òní.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan la ó lò. Kò sí àwòrán, kò sí àwọ̀, kò sí ohùn. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yín tó ń gbọ́ mi yóò ti yínmú, torí eré tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù ń tàn yòò ni. Ẹ sọ fún wọn pé àwòrán máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ni ojú ń wò, kíá ni yóò rí ibi tí nǹkan ti wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ayò àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú kọ̀ǹpútà, ọmọ rẹ̀ di mọ́kàndínláàádọ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Mo yá kọ̀ǹpútà alágbèéká ọ̀rẹ́ mi wálé lákòókò ìsinmi, mo ní kí àbúrò bàbá mi wá bá mi ta á. Ọ̀ta gidi ni wọ́n. Bí wọ́n bá wo ọpọ́n lẹ́ẹ̀kan báyìí, wọ́n ti mọ iye tó wà nínú odù. Wọ́n ta á díẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà náà lójúlé-lójúlé, ètè wọn ń mì. Wọ́n wá bojú wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ ayò yìí ti fi ẹyọ kan lé. Ṣé ìwọ lo jí i mú wá ni, àbí ẹ̀rọ rẹ yìí?”

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta wá ẹyọ kan ṣoṣo yẹn. Ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ibi tí mi ò ti fọwọ́ kan ọmọ ayò nínú prógíráàmù náà. Ibi tí mo ti ń béèrè ojúlé lọ́wọ́ atayò ni mo ti ń kó ọmọ, ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ẹ̀yìn tí mo bá ti pín ẹyọ kan ni mo ń ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlé tirẹ̀ ló yàn. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, mo ń dá gbogbo ohun tí mo kó padà. Gbogbo rẹ̀! Ẹyọ tí mo ti jù sí ojúlé kejì sì wà níbẹ̀, ó jókòó, kò sẹ́ni tó bi í. Àbúrò bàbá mi ṣi ojúlé yàn lẹ́ẹ̀kan péré, ayé gba ọmọ ayò tuntun.

Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó kọ ohunkóhun, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi: ta ló ni iṣẹ́ yìí? Ta ló ni iṣẹ́ kíkó ọmọ? Ta ló ni iṣẹ́ pípín in? Ta ló ni iṣẹ́ wíwí pé, “Rárá o, ojúlé yẹn kì í ṣe tìrẹ”? Ìlànà tí àwọn tó ń kọ prógíráàmù ń pè ní object-oriented kò ju ìbéèrè yìí lọ, bí ìwé ńláńlá tí wọ́n kọ lé e lórí tilẹ̀ ga dé orí pẹpẹ. Ẹ ó dá nǹkan sílẹ̀, ẹ ó fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní ohun tó mọ̀ àti ohun tó lè ṣe. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀, òun nìkan ni yóò máa fọwọ́ kàn án.

Ilẹ̀ Norway ni wọ́n ti kọ́kọ́ ronú rẹ̀ báyìí. Ní ìlú Oslo, láàárín ọdún 1960 sí 1970, ọ̀gbẹ́ni méjì kan, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ń wá bí wọ́n ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ohun tó ń lọ láyé, irú bí àwọn oníbàárà tó tò sórí ìlà, tí ẹni tó ń dá wọn lóhùn kò sì ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún un ni Simula, èyí tó sì lókìkí jù nínú rẹ̀ ni Simula 67. Nínú rẹ̀, oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan kan lọ́tọ̀, tó ní ìwà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní Kalifọ́níà, Alan Kay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox PARC gba èrò náà, wọ́n fi ṣe èdè Smalltalk. Kay yìí ló sọ ìlànà náà lórúkọ tó ń jẹ́ dòní. Ẹ̀bùn Turing, tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi dá Dahl àti Nygaard lọ́lá fún ọdún 2001. Nígbà tó di ọdún 2002, àwọn méjèèjì kú, oṣù méjì kò tíì pé sí ara wọn.

Èdè tí mo fẹ́ kí ẹ lò ni Python, tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní 1991. Kì í ṣe òjòlá ló fi sọ ọ́ lórúkọ o, àwọn aláwàdà kan lórí tẹlifíṣọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ràn. Mo yàn án torí pé ó rọrùn láti kà, àti nítorí nǹkan mìíràn tó máa dùn mọ́ yín nínú: láti ìgbà tí Python kẹta ti jáde ní ọdún 2008, ẹ lè fi lẹ́tà Yorùbá, tòun ti àmì ohùn àti àmì abẹ́ rẹ̀, sọ nǹkan inú prógíráàmù yín lórúkọ. Ẹ lè kọ Ọpọ́n, ẹ lè kọ Atayò, kò ní bá yín jà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a gbọ́dọ̀ yanjú. Wọ́n ń pè é ní class lédè Gẹ̀ẹ́sì, kíláàsì la ó máa pè é. Kì í ṣe kíláàsì ilé ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Abẹ́òkúta, ẹ ti rí páànù tí wọ́n gé bátànì sí lára, tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ àdìrẹ. Páànù yẹn kì í ṣe aṣọ, ẹ kò lè ró o lọ sóde. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi páànù kan ṣoṣo tẹ ogún aṣọ, kí ẹ rẹ ọ̀kan nínú aró tó dúdú, kí ẹ rẹ òmíràn nínú èyí tó fúyẹ́, kálukú aṣọ sì ní olówó tirẹ̀. Páànù ni kíláàsì. Aṣọ ni nǹkan tí a fi ṣe. Kíláàsì Atayò kan, atayò méjì: ọ̀kan lè ti jẹ mẹ́wàá, èkejì lè má tíì jẹ nǹkan kan.

Ó dáa. Ta ni a ó kọ́kọ́ ṣe? Ọpọ́n ni. Ohun tó mọ̀ ni nọ́ńbà méjìlá. Ohun tó lè ṣe ni kó pín ọmọ, kó sì sọ iye tó wà nínú ojúlé tí ẹnìkan bá béèrè. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Tí ẹ bá lọ sí búkà, ẹ kì í wọ ilé ìdáná lọ bu ọbẹ̀ fúnra yín. Ẹ ó ní kí ìyá olóúnjẹ fún yín ní ẹran méjì, wọ́n á fún yín, wọ́n á sì mọ iye tó kù nínú ìkòkò. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un, ojú kan péré ni ǹ bá wò fún ẹyọ kan tó lé yẹn.

Ẹ padà sórí bébà yín. Ẹ fún ojúlé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ti atayò kìíní: láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, 0, 1, 2, 3, 4, 5. Ìlà òkè ni ti èkejì, ṣùgbọ́n ẹ kà á láti ọwọ́ ọ̀tún padà sí òsì: 6, 7, 8, 9, 10, 11. Bẹ́ẹ̀ ni ayò ṣe ń yí, ó ń gba ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń ta lọ, ó ń gba iwájú ẹnìkejì bọ̀. Ẹ kíyè sí i pé láti òdo la ti bẹ̀rẹ̀. Python ló ń kà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra, torí pé òǹkà wa yàtọ̀. Ọjà tó ń ná ní ọrún-ọrún, bó bá ná lónìí, ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi ń yí padà, ṣùgbọ́n àwa ń pè é ní ọrún nítorí pé a ka òní mọ́ ọn. Ọ̀tunla náà, a ka òní mọ́ ọn kó tó di mẹ́ta. Kò sí àléébù nínú rẹ̀, òǹkà àwọn baba wa ni. Àmọ́ nínú ayò, ojúlé tí ẹ ti kó ọmọ kò sí nínú òǹkà: ẹyọ àkọ́kọ́ bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá kó 4 láti ojúlé 2, wọ́n á bọ́ sí 3, 4, 5 àti 6. Ẹni tó bá ka ọrún yóò jù ú sí 2, 3, 4 àti 5. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kọ́, àṣìṣe yìí ló pọ̀ jù lọ, àwọn Òyìnbó pàápàá ń ṣe é, kì í ṣe àwa nìkan.

Lẹ́yìn 11, kí ló kàn? Òdo ni. Bí ẹ bá wà ní ojúlé 10 tí ẹ sì kó ọmọ 5, ẹ fi 5 kún 10, ó di 15. Ẹ yọ 12 kúrò, ó ku 3. Ojúlé 3 ni ẹyọ tó kẹ́yìn bọ́ sí. Aago ara ògiri ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́: bó bá ti kọjá 12, a padà sí 1. Àmì kan wà nínú Python tó ń ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan náà, àmì ìdá ọgọ́rùn-ún tí ẹ mọ̀ dáadáa.

Ẹ má tíì jókòó pa. Odù ń bọ̀. Bí ojúlé kan bá ti kó ọmọ méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, tí ẹ bá ń pín in, ẹ ó yí ọpọ́n po, ẹ ó sì dé ibi tí ẹ ti kó o. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ síbẹ̀, ẹ ó fò ó ni. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ 13 wà ní ojúlé 4. Mọ́kànlá àkọ́kọ́ á kárí àwọn ojúlé yòókù, ẹ ó fo 4, ìkejìlá á bọ́ sí 5, ìkẹtàlá á bọ́ sí 6. Àmọ́ ẹni tó bá gbára lé ìṣirò aago nìkan yóò ní 4 pẹ̀lú 13 jẹ́ 17, yọ 12 kúrò, ó ku 5, ó tán. Irọ́ ni. Ẹ wò ó, 5 jẹ́ ilé tirẹ̀, 6 jẹ́ ilé ọ̀tá. Nínú ọ̀kan, kò ní jẹ nǹkan kan. Nínú èkejì, ó lè kó gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Àṣìṣe ẹyọ kan péré, eré ti yí padà. Nítorí náà, ẹ má ṣe fò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí Ọpọ́n máa pín in lẹ́yọ-lẹ́yọ, bí ọwọ́ ènìyàn ti ń ṣe, kó máa bi ara rẹ̀ ní ojúlé kọ̀ọ̀kan pé, “Ṣé ibí ni mo ti kó o?”

Jíjẹ wá ń kọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹyọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di 2 tàbí 3, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn: bí èyí tó ṣáájú rẹ̀ náà bá jẹ́ 2 tàbí 3, tó sì ṣì jẹ́ ilé ẹnìkejì, ẹ jẹ òun náà, títí ẹ ó fi kan èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ọmọ parí sí 8, ó di 2. 3 wà ní ojúlé 7. 5 wà ní ojúlé 6. Ẹ jẹ márùn-ún, ẹ dúró.

Ṣé Ọpọ́n ló ni iṣẹ́ mímọ èyí tó yẹ ká jẹ? Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ò gbà. Igi ni ọpọ́n, kò mọ òfin. Tí ẹ bá gbé ọpọ́n kan náà láti àdúgbò kan lọ sí òmíràn, ọpọ́n kò yí padà, òfin lè yí padà. Níbòmíràn, bí ẹnìkan bá ta ayò tó máa jẹ gbogbo ohun tó kù ní ilé ẹnìkejì rẹ̀ pátápátá, wọn kò ní jẹ́ kó jẹ ẹ́. Níbòmíràn, kó máa jẹ lọ. Òfin tún sọ pé bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo, ẹ gbọ́dọ̀ ta èyí tó máa fún un lọ́mọ, bí ẹ bá lè ta á. Gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ kó wọn sínú nǹkan tirẹ̀, ẹ pè é ní Òfin. Òfin ni yóò máa wí pé, “Èyí tọ́, èyí kò tọ́, kó mẹ́rin, fi ìyókù sílẹ̀.” Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta á bí wọ́n ti ń ta á nílé ìyá yín, Òfin nìkan lẹ ó pààrọ̀. Ọpọ́n kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ó kan Atayò. Ohun tó mọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ìhà tó jókòó sí, àti iye tó ti jẹ. Ohun kan ṣoṣo ló lè ṣe: kó yan ojúlé. Kì í kó ọmọ, kì í pín in. Bí a bá fẹ́ kí ènìyàn bá kọ̀ǹpútà ta á lọ́jọ́ kan, ẹ ó fi kíláàsì Atayò bí ọmọ méjì, Ènìyàn àti Ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì jogún orúkọ àti ìhà lọ́dọ̀ òbí wọn, ṣùgbọ́n bí kálukú ṣe ń yan ojúlé yàtọ̀. Ènìyàn ń wo kíbọ́ọ̀dù, Ẹ̀rọ ń ṣe ìṣirò. Ẹni tó ń darí eré kò ní béèrè irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Yóò kàn sọ pé, “Yan,” ẹni tó kàn yóò sì yàn.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín nípa Ènìyàn. Ẹ ó ní kó tẹ nọ́ńbà, yóò tẹ “ẹ̀kẹta”. Ẹ ó ní ojúlé rẹ̀ kò ju 5 lọ, yóò tẹ 9. Yóò yan ojúlé tó ṣófo. Yóò tẹ Enter lásán, kó wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá múra sílẹ̀, Python yóò bínú, prógíráàmù yóò kú lójijì, tòun ti ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n ti fi ta á. Ẹ máa gba èsì rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá dáa, ẹ sọ ohun tó ṣe fún un pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ tún bi í. Ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ kankan. Ẹ rántí ẹyọ kan tèmi.

Ẹ̀rọ náà ní ewu tirẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti kọ́ ọ ní ayò ni kó dán ojúlé rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò, kó wo èyí tó máa jẹ jù. Ṣùgbọ́n orí ọpọ́n wo ni yóò ti dán an wò? Ẹ̀dà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ pé ọpọ́n kejì bá ọpọ́n kìíní dọ́gba, á rò pé òun ti ṣe ẹ̀dà. Kò ṣe ẹ̀dà o! Orúkọ kejì ló sọ ọpọ́n kan náà. Ọmọ tí bàbá ń pè ní Àjàní, tí ìyá àgbà ń pè ní Babátúndé, tí ẹ bá fá orí Àjàní, orí Babátúndé ti fá nìyẹn. Ẹ̀rọ á dán ojúlé mẹ́fà wò, á ba ọpọ́n gidi jẹ́, atayò tó jókòó á wá rí i pé ayò òun ti fọ́nká nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ta. Ẹ sọ fún Python ní tààrà pé kó ṣe ẹ̀dà nọ́ńbà méjìlá náà.

Ẹni tó ń darí ni a ó pè ní Eré. Ó mú Ọpọ́n kan, Òfin kan, Atayò méjì. Ó ń bi ẹni tó kàn, ó ń bi Òfin bóyá ó tọ́, ó ní kí Ọpọ́n pín in, ó gbé ohun tí wọ́n jẹ fún ẹni tó jẹ ẹ́, ó gbé títa fún ẹnìkejì. Bí ẹnìkan bá ti ní 25, ó borí. Bó bá di 24 sí 24, ọ̀mì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe yẹ kó rí.

Àwọn kan tún máa ń bi mí pé, ṣé kí àwọn ṣe kíláàsì fún ọmọ ayò náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 48 jẹ́ nǹkan tirẹ̀? Ẹ má ṣe é. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ọba yàtọ̀ sí ẹṣin, ìrìn wọn kò jọra, ó yẹ kí kálukú ní kíláàsì. Àmọ́ ta ló ti mọ ọmọ ayò kan yàtọ̀ sí èkejì rí? Iye wọn nìkan la nílò. Ẹni tó bá ti kọ́ ìlànà yìí tán, ó máa ń wù ú kó sọ ohun gbogbo di kíláàsì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òòlù tó ń wá ìṣó kiri ilé.

Ó ku fífi ọpọ́n hàn. Ẹ yan nǹkan kan lọ́tọ̀ fún un, kó máa ka Ọpọ́n, kó máa tẹ ìlà méjì jáde, kó má fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Ìlà òkè ni kó tẹ̀ láti 11 padà sí 6, ìlà ìsàlẹ̀ láti 0 dé 5. Ó rọrùn, àfi bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ àwọn atayò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wàhálà Yorùbá dé nìyẹn. Orúkọ náà Bọ́lá, lẹ́tà mẹ́rin ni ojú wa rí. Bí ẹ bá bi Python, ó lè ní márùn-ún ni, ó sì lè ní méje, bí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ bá ṣe ń kọ àmì. Kọ̀ǹpútà kò ní àyè kan tó so lẹ́tà o, àmì abẹ́ rẹ̀ àti àmì ohùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, ó máa ń ya àmì ohùn sọ́tọ̀ ni. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn tilẹ̀ ń ya àmì abẹ́ náà sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà ọpọ́n yín á fi wọ́ síbì kan. Èyí tó tún burú ni pé Bọ́lá tí a tẹ̀ lórí fóònù àti Bọ́lá tí a tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè jọ ara wọn lójú, kí Python sì ní ènìyàn méjì ni. Orúkọ nǹkan inú prógíráàmù, ó ń tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá tẹ̀, kì í fọwọ́ kàn án. Ohun èlò kan wà nínú Python tó ń jẹ́ unicodedata. Ẹ ní kó tún orúkọ kọ̀ọ̀kan tò sí ọ̀nà kan náà bí ó bá ti ń wọlé. Mi ò rí i nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi, torí pé ẹni tó kọ ọ́ kò ní orúkọ tó ń fa irú ìyọnu yìí.

Ǹjẹ́ ẹ rò pé eré ọmọdé la ń ṣe? Ní ọdún 2002, ọ̀mọ̀wé méjì ní Vrije Universiteit ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, gbé ìbátan ayò yìí tí wọ́n ń pè ní awari fún kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ 144. Ó yẹ ipò ọpọ́n 889,063,398,406 wò, gbogbo ọ̀nà tí ọmọ 48 lè gbà jókòó nínú eré náà. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láti ibi tí ọmọ kò ti sí lórí ọpọ́n mọ́, wọ́n ń padà bọ̀ síbi tó pé. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí atayò méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Mo sọ fún àbúrò bàbá mi. Wọ́n ní, “Àṣé kò tíì bá mi ta á.”

Kí n tó dágbére, iṣẹ́ méjì ni mo fún yín. Àkọ́kọ́, ẹ kọ ìlà kan sínú Eré yín tó máa ro iye ọmọ tó wà lórí ọpọ́n pọ̀ mọ́ èyí tí atayò méjèèjì ti jẹ, lẹ́yìn gbogbo títa, kó sì pariwo bí kò bá jẹ́ 48. Ìkejì, ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù tó ń ta ayò nínú agbo ilé yín, ẹ bi wọ́n bóyá ènìyàn lè jẹ ilé ẹnìkejì tán pátápátá lọ́dọ̀ wọn, ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà, ìwé yẹn la ó fi kọ Òfin. Ó dàárọ̀ o.